Àwọn Kọ̀rọ̀ Òkun Olókùúta ní Ìwọ̀-Oòrùn Gánà, àti Bí A Ṣe Ń Kà Wọ́n

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá tí ó ti dé Èkó tàbí Àgbádárìgì léèrè bí etí òkun ti rí, ìdáhùn rẹ̀ kì yóò pẹ́. Yóò ní ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹní, pé iyanrìn ni ènìyàn yóò máa tẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àti pé kò sí òkúta kan tí a lè jókòó lé níbẹ̀, àfi èyí tí ọwọ́ ènìyàn bá kó wá. Bí èmi pàápàá ti mọ̀ ọ́n nìyí, títí di ìgbà tí mo lọ lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Takoradi, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gánà. Màmá Takoradi ni gbogbo ìdílé wa ń pè é. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i pé òkun kan náà tí ó na ara rẹ̀ gbọọrọ ní Èkó a máa ká kò níbòmíràn, a máa ṣẹ́ kọ́rọ́, a sì máa sápamọ́ sí ẹ̀yìn òkúta bí ọmọdé tí ń ṣeré.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Èkíní ni bí àwọn kọ̀rọ̀ òkun wọ̀nyí ti ṣe wáyé. Èkejì ni àwọn èyí tí ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ mi, nítorí pé mo rí ẹwà ibẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti í kà á.

BÍ WỌ́N TI ṢE WÁYÉ

Etí òkun Gánà gùn ju 300 máìlì lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó rí bákan náà. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ní agbègbè Keta, iyanrìn títẹ́ ni. Bí a bá sì kọjá odò Ankobra sí ìwọ̀-oòrùn, ó tún tẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Láàárín Takoradi àti Axim ni òkúta ti pọ̀, tí ilẹ̀ sì ń yọ orí sínú òkun ní ibìkan, tí òkun sì ń wọ inú ilẹ̀ ní ibòmíràn. Ibi tí ilẹ̀ gbé yọ orí jáde ni èmi yóò máa pè ní ṣóńṣó ilẹ̀. Ibi tí omi gbé wọ inú lọ láàárín ṣóńṣó méjì ni èmi yóò máa pè ní kọ̀rọ̀ òkun.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Òkúta inú ilẹ̀ kì í le bákan náà. Ibi tí ó gbé le, ìgbì a máa gbá a lọ́dún mọ́dún, kì í tètè jẹ ẹ́; ibi tí ó gbé rọ̀, omi a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti í jẹ igi. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, èyí tí ó le yóò kù síta, èyí tí ó rọ̀ yóò ti wọ inú lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni iyanrìn ṣe wá dúró sínú kọ̀rọ̀, tí kò sì dúró lórí ṣóńṣó? Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe àpẹẹrẹ. Bí 20 ọmọ bá di ara wọn lọ́wọ́ mú ní ìlà kan gbọọrọ, tí wọ́n sì ń rìn bọ̀ lórí pápá, bí àwọn tí ó wà ní àárín bá wọ inú ẹrẹ̀, tí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìlà náà yóò tẹ̀, nítorí àwọn ti àárín yóò falẹ̀, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ yóò sì máa lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbì. Níwájú ṣóńṣó ilẹ̀ ni omi ti kọ́kọ́ ń dín jíjìn. Apá ìgbì tí ó kọjú sí i a falẹ̀, èyí tí ó kọjú sí kọ̀rọ̀ a sì máa sáré lọ. Ìgbì náà yóò tẹ̀ bí ọrun. Agbára rẹ̀ yóò kó jọ sórí òkúta ṣóńṣó, ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ inú kọ̀rọ̀ yóò tàn kálẹ̀, yóò sì rọ̀. Omi tí agbára rẹ̀ ti dín kù kò lè ru ẹrù mọ́. Iyanrìn tí ó gbé láti ẹnu odò àti láti ara òkúta tí ó ti fọ́ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, òkúta líle tí a ń wò bí ọ̀tá gan-an ni ó ń tọ́jú iyanrìn rírọ̀ tí a ń yọ̀ lé lórí.

ÀWỌN ÈYÍ TÍ Ó YẸ KÍ A BẸ̀ WÒ

Takoradi ni ó yẹ kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú ńlá ni, èbúté rẹ̀ tí a ṣí ní 1928 ni èbúté omi jíjìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, nígbà tí a ṣì ń pè é ní Gold Coast. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ yóò gba ọ̀nà Axim lọ títí dé oríta Agona. Ibẹ̀ ni a óò ti yà sí gúúsù, sí apá òkun, sí ilẹ̀ àwọn Ahanta.

Butre ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ìletò àwọn apẹja ni, ní ẹnu odò kékeré kan. Òkun tẹ̀ kọ́rọ́ síwájú rẹ̀ bí etí abọ́, òkè kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ilé odi Batenstein dúró lé. Àwọn ará Họ́láńdì ni wọ́n kọ́ ọ, ní 1656, ọdún kan náà tí wọ́n bá àwọn Ahanta ṣe àdéhùn níbẹ̀. Bí ènìyàn bá gun òkè náà, ó lè fi ojú kan rí odò, iyanrìn, òkúta àti agbami, kí ó sì lóye gbogbo ohun tí mo ṣàlàyé lókè yìí láìsí ìwé lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Butre ni Busua. Iyanrìn tirẹ̀ gùn, ó sì tẹ́jú ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Erékùṣù kékeré kan tí à ń pè ní Abokwa wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń fi pátákó gun ìgbì ti máa ń wá ṣeré, nítorí ìgbì rẹ̀ a máa yí wálé ní ìtòtẹ̀léra. Láti Busua, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Dixcove ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kọ̀rọ̀ òkun ti Dixcove kéré, ọkọ̀ àwọn apẹja sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí a fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn wọ́n. Kì í ṣe ibi ìwẹ̀ o. Ibi iṣẹ́ ni. Lókè rẹ̀ ni ilé odi Metal Cross wà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rin ọ̀nà yìí yóò béèrè pé èéṣe tí ilé odi fi pọ̀ tó báyìí. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí a ti sọ nípa ìgbì. Ọkọ̀ kékeré tí ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ńlá kò lè gúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ níbi tí ìgbì gbé ń jà. Inú kọ̀rọ̀ ni ó ti lè gúnlẹ̀. Ṣóńṣó ilẹ̀ fún àwọn òyìnbó ní òkè tí wọn yóò ti máa ṣọ́ kọ̀rọ̀ náà, ó sì tún fún wọn ní òkúta tí wọn yóò fi mọ odi. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ wá rà. Nígbà tí ó yá, ènìyàn ni wọ́n ń rà. Nítorí náà, bí a bá ń yọ̀ lórí iyanrìn náà, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ojú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lọ tí wọn kò padà. Láti 1979 ni àjọ UNESCO ti ka àwọn ilé odi etí òkun Gánà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Bí a bá tún lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a óò dé Cape Three Points, ibi tí ilẹ̀ Gánà parí sí ní ìhà gúúsù. Ṣóńṣó mẹ́ta ni ó yọ jáde níbẹ̀, ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà wà lórí ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a kọ́ ní 1925 láti rọ́pò èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ tí ó kọjú sí gúúsù kò ní ilẹ̀ kankan níwájú mọ́, omi nìkan ni, títí dé òpin ayé ní ìhà ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Princes Town, níbi tí àwọn ará Brandenburg, tí ó jẹ́ apá kan Jámánì lónìí, ti bẹ̀rẹ̀ ilé odi kan ní 1683. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan tí à ń pè ní John Conny gba ilé odi náà, ó sì dì í mú fún ọdún bíi mélòó kan kí àwọn ará Họ́láńdì tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Axim ni òpin ìrìn-àjò mi. Àwọn Potogí ti kọ́ ilé odi síbẹ̀ láti 1515. Àwọn òkúta àti erékùṣù kéékèèké wà níwájú ìlú náà, ìgbì sì ń fọ́ sí wọn lára kí ó tó wọlé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí inú wa dùn sí ìlú yìí, nítorí agbègbè rẹ̀ ni a ti bí Anton Wilhelm Amo ní nǹkan bí 1703. Ọmọdé ni wọ́n mú un lọ sí Yúróòpù. Ó kàwé títí ó fi di olùkọ́ ní yunifásítì Halle àti ti Jena ní Jámánì, kí ó tó padà wá kú sí etí òkun tí a gbé bí i.

Ní ti ìgbà tí ó dára láti lọ, oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì ni mo lè dábàá. Agbègbè Axim ni òjò ti ń pọ̀ jù ní gbogbo Gánà, oṣù Karùn-ún àti Kẹfà sì ni ó máa ń le jù. Láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án, omi òkun ibẹ̀ a máa tutù, nítorí omi ìsàlẹ̀ a máa rú sókè, a sì máa gbé oúnjẹ ẹja wá. Àsìkò ayọ̀ ni fún àwọn apẹja, ṣùgbọ́n ìgbì ìgbà náà kì í ṣe ti àlejò.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Kọ̀rọ̀ òkun kan wà tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo mú ọmọ-ọmọ Màmá Takoradi lọ́wọ́, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11. A wo òkun. Ní àárín kọ̀rọ̀ náà, ìgbì ń fọ́, ó ń hó, ó funfun bí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ọ̀nà tóóró kan wà tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ìgbì kankan kò fọ́ níbẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n bí mo ti mú ọmọ náà lọ sí ibi tí kò hó.

Omi kò tíì kọjá ìbàdí mi tí mo fi mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọmọ náà ké pé, "Bùọ̀dá, omi ń fà mí!" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo kọjú sí iyanrìn, mo sì ń fi gbogbo agbára mi lúwẹ̀ẹ́. Bí mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ tó ni iyanrìn ń jìnnà sí wa tó. Apá mi kú. Mo mu omi iyọ̀.

Nígbà náà ni mo rí bàbá arúgbó kan tí ó jù àwọ̀n tí ó ń tún ṣe sílẹ̀, tí ó sáré gun orí òkúta. Kò pè wá mọ́ra. Ńṣe ni ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tì wá sí ẹ̀gbẹ́, síhà ibi tí ìgbì gbé ń hó. Mo rò pé ó ń lé wa ni. Ṣùgbọ́n agbára ti tán lára mi, mo sì ṣe bí ó ti wí. A jọ̀wọ́ ara wa fún omi, a ń lọ ní ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí iyanrìn, títí a fi kúrò nínú omi tí ń fà wá. Ìgbì tí mo ti ń bẹ̀rù náà ni ó gbé wa, tí ó sì jù wá sórí iyanrìn. Eékún mi bó. Ọmọ náà bì, ó sì ń sunkún, ẹkún rẹ̀ sì dùn mọ́ mi nínú ju orin lọ.

Bàbá náà sọ̀rọ̀ ní èdè ibẹ̀, ọmọ náà sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Bùọ̀dá, ó ní omi tí ó wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Ó ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń gbà jáde ni a lọ dúró sí."

Nígbà tí a délé, Màmá Takoradi kò lù mí, kò sì bú mi. Ó wo eékún mi, ó ní, "Olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ láti dà. Ogójì ọmọ ni wọn yóò kó lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀kan péré ni mo fi lé ọ lọ́wọ́ lónìí." N kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú etí òkun Gánà, àwọn apẹja kì í lọ sí ojú omi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìsinmi òkun ni wọ́n kà á sí. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, bàbá náà ì bá ti wà lójú agbami.

BÍ A ṢE Ń KA KỌ̀RỌ̀ ÒKUN

Ohun tí bàbá yẹn sọ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ìgbì ń ti omi wọ inú kọ̀rọ̀ láìdẹwọ́. Omi náà kò lè máa ga sókè títí; ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ibi tí ó bá sì jìn jù ni yóò gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ni ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Nítorí pé ó jìn, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀. Nítorí pé ìgbì kò fọ́, a máa dákẹ́. Nítorí pé ó dákẹ́, a máa tan aláìmọ̀kan. Irú ọ̀nà omi bẹ́ẹ̀ wà ní etí òkun Èkó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àárín iyanrìn ni ó wà níbẹ̀, ó sì máa ń yí ipò padà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó jẹ́ kí ọmọ kan bọ́ bàtà, kí ó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Èkíní, kí ó dúró sí ibi gíga kan fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15, kí ó sì wo omi. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́ láàárín ìgbì tí ń fọ́, ibi tí omi gbé dúdú tàbí tí iyanrìn rú u, ibi tí ìfófòó gbé ń lọ síta dípò kí ó máa bọ̀ wálé, kí ó sá fún un. Èkejì, kí ó yẹra fún ẹ̀gbẹ́ òkúta àti ẹnu odò. Ẹ̀kẹta, kí ó bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè. Wọn kò ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé wọn. Ẹ̀kẹrin, kí omi má ṣe kọjá orúnkún àwọn ọmọ, kí àgbàlagbà dúró sí ìhà agbami, kí a sì máa ka orí wọn lóòrèkóòrè.

Bí omi bá sì gbé ènìyàn, kí ó má ṣe bá a jà. Kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi kúrò nínú ìṣàn náà, kí ó tó kọjú sí iyanrìn. Ẹni tí ó wà lókè kò gbọdọ̀ bẹ́ sínú omi láìní ohun tí ó léfòó lọ́wọ́. Kí ó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí ẹni tí ó wà nínú ewu. Ọ̀pọ̀ ni ó ti kú nítorí pé wọ́n fẹ́ gba ẹlòmíràn là.

Ohun kan ṣì kù. Ní àwọn ibì kan ní etí òkun náà, àwọn ènìyàn a máa wa iyanrìn kọ́lé. Ẹni tí ó bá rí bí iyanrìn ti pọ̀ tó yóò rò pé kò lè tán. Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ òkun dà bí àpótí: ṣóńṣó méjèèjì tí ó dè é mọ́ kì í jẹ́ kí iyanrìn aládùúgbò wọlé dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí a bá kó lọ lè pẹ́ gidigidi kí òkun tó dá a padà. Bí iyanrìn bá sì ti lọ, ìgbì yóò dé ẹsẹ̀ ilé àwọn apẹja, ìjàpá òkun tí ń gun òkè lóru láti yé ẹyin kì yóò sì rí ibi tí yóò wa ihò sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo ti padà sí kọ̀rọ̀ òkun náà kí ìsinmi mi tó parí. Mo gbé tábà àti aṣọ kan lọ fún bàbá náà, mo sì jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Ọmọ náà jókòó láàárín wa. Nígbà tí ó ṣe, ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ wò ó, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn." Ó ti mọ̀ ọ́n kà. Ó wù mí kí gbogbo ọmọ tí a óò fi lé wa lọ́wọ́ lè kà á bẹ́ẹ̀, kí àwa tí a ó kọ́ wọn sì ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.